Agolo Míńtì Tí Mo Gbé Gun Òkè Mẹlíhà

Ẹ má tíì pè mí ní apànìyàn. Ẹ gbọ́ ọ tán ná. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ pè mí ní orúkọ tó bá wù yín. Kò sí èyí tí ìyàwó mi ò tíì pè mí nínú wọn.

Horace ni orúkọ mi. Ní èbúté Grimsby ni mo ti fi gbogbo agbára ọ̀dọ́ mi já ẹja sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Edna ni ìyàwó mi. Selwyn ni ọ̀rẹ́ mi, Beryl sì ni ìyàwó tirẹ̀. Lọ́dọọdún, tí òtútù oṣù kejì bá ti ń gé wa létí, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a wọ bàálù, ó di Malta, erékùṣù olóòrùn tó wà láàárín òkun. A ó jẹun níbẹ̀, a ó na ẹsẹ̀, a ó padà sílé.

Bujíbà, ìlú etí òkun kan níbẹ̀, la máa ń lọ. Ọ̀rọ̀ Bujíbà kì í ṣe ohun tí à ń jíròrò. Selwyn ló yàn án nígbà àkọ́kọ́, ohun tí Selwyn bá sì ti yàn, abẹ ti gé e. Òun ni kápítéènì ẹgbẹ́ wa tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko. Òun náà ló máa ń ka ìwé àwọn tó ń ṣètò ìsinmi sí wa létí nínú ilé ọtí, tí àwa tó kù á máa mi orí bí aláǹgbá. Èmi ò mọ̀wé kà nígbà náà. Bó bá ní òkun Bujíbà dùn ju oyin lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Nígbà tó yá, mo fi agídí kọ́ ara mi ní ìwé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, èmi fúnra mi ni mo ṣí ìwé ọ̀hún lórí tábìlì ilé ọtí. Ibẹ̀ ni mo ti rí Mẹlíhà.

Ìlú orí òkè ni Mẹlíhà. Àmọ́ nísàlẹ̀ òkè náà, iyanrìn ló tẹ́ lọ rẹrẹ létí omi. Bujíbà ò ní iyanrìn tó jọ èyí. Àpáta ni etí òkun ibẹ̀, àkàsọ̀ irin lèèyàn sì ń bá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi bí ẹni tó fẹ́ pọn omi nínú kànga.

Mo kà á sókè. Edna gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Iyanrìn?" ó ní. "Iyanrìn gidi, téèyàn lè fẹsẹ̀ lásán tẹ̀?"

"Iyanrìn gidi."

"Háà. Láti ìgbà tí orúnkún yìí ti ń yọ mí lẹ́nu, mi ò tíì tẹ iyanrìn. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n tó kú."

Selwyn rẹ́rìn-ín. "Orúnkún tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu lo fẹ́ gbé gun òkè? Edna, Bujíbà ni o. Pẹrẹsẹ ni gbogbo ẹ̀. Àga wà létí omi, eré bíńgò wà nírọ̀lẹ́, ẹja díndín wà, bọ́ọ̀sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí lo tún ń wá?"

"Iyanrìn."

"Lọ bá àwọn bíríkìlà. Wọ́n á bu àpò kan fún ẹ."

Beryl bú sẹ́rìn-ín. Edna náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí àwọn obìnrin méjèèjì ò mọ̀.

Ṣáájú Kérésìmesì, Selwyn ti fà mí sẹ́yìn ahéré tí a ń kó bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ sí. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Dókítà ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe wàhálà. Kò gbọdọ̀ gun òkè, kò sì gbọdọ̀ máa sáré kiri. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa fi sábẹ́ ahọ́n tí àyà bá ti ń dì í.

"Beryl ò gbọdọ̀ gbọ́," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Ọkàn ló pa bàbá ẹ̀. Bó bá gbọ́ báyìí, á fi mí sórí àga, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lẹ́sẹ̀, á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi. Bàálù, ó tán. Horace, ikú yá jùyẹn lọ."

"Obìnrin tó ń tú àpò ẹ lójoojúmọ́, báwo lo ṣe fẹ́ fi oògùn pa mọ́ fún un?"

"Ohun tí mo ṣe pè ẹ́ nìyẹn."

Ó fa agolo súìtì míńtì pẹlẹbẹ kan yọ. Ó ti tẹ́ hóró oògùn sísàlẹ̀, ó fi bébà bò ó, ó wá kó míńtì lé e lórí.

"Ìwọ ni kó o máa gbé e. Ẹ̀gbẹ́ ara wa náà la máa ń wà. Tí mo bá ti na ọwọ́, fi ọ̀kan sí i. Ẹni bá bi wá, míńtì là ń jẹ."

Mo ti í bọ àpò àyà mi. Láti ọjọ́ yẹn, inú àpò mi ni ẹ̀mí Selwyn ń gbé.

Ó yá, ẹ padà sí ilé ọtí.

Lábẹ́ tábìlì, Selwyn fi bàtà rẹ̀ tẹ bàtà mi. Ó wò mí. "Horace, bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀ jàre."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Edna ń wò mí, Beryl ń wò mí, kápítéènì fúnra rẹ̀ ń wò mí bí ajá tó ń wo ẹni tó mú eegun dání. Látọjọ́ tí mo ti mọ Selwyn, kò sẹ́ni tó dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń retí. Bujíbà. Kí n sọ ọ́, ká mu ọtí wa, ká máa lọ sílé.

Ó dùn mọ́ mi lára. Mo jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i.

"Mẹlíhà ni," mo ní.

"Nítorí kí ni?" Ohùn Selwyn ti yí padà.

"Nítorí iyanrìn. Àbí nǹkan kan ń bà ẹ́ lẹ́rù níbẹ̀? Sọ ọ́ ká gbọ́."

Selwyn gbé ife rẹ̀ mu.

Beryl fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Òkè ló ń bà ẹ́ lẹ́rù? Kápítéènì wa!"

"Kò sóhun tó ń bà mí lẹ́rù," Selwyn wí.

"Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn," mo ní. Mo sanwó ọtí lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn débẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì wa ní Mẹlíhà wà lórí òkè, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn. Bọ́ọ̀sì wà tó ń gbéni sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, tó sì ń gbéni padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Selwyn ti dúró níbùdókọ̀ kí n tó wẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì?" mo pariwo, kí Beryl lè gbọ́. "Ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù fún gbogbo ìlú Grimsby fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ tẹ iyanrìn! Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin wọ̀ ọ́, orúnkún ń dun tèmi. Àwa ọkùnrin a fẹsẹ̀ rìn."

"Má dá Horace lóhùn o," Beryl ń rẹ́rìn-ín, "kó má baà sọ pé mo fẹ́ ọ̀lẹ."

Selwyn kúrò níbùdókọ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ ò ní wàhálà. Pípadà ni iṣẹ́. Lágbedeméjì òkè, níbi tí ọ̀nà ti yà, ògiri òkúta kúkúrú kan wà níwájú ilé búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni Selwyn ti jókòó lọ́jọ́ kìíní, tó na ọwọ́. Mo fi hóró kan sí i kíá. Ó ń mí, àwọ̀ rẹ̀ padà.

"O ṣeun," ó ní. "Òkè kí òkè! Ní Bujíbà ní báyìí, mi ò bá ti—"

"Bujíbà wo?"

"Mo kàn ń sọ ni."

"Èmi ni mo mú yín wá síbí. Edna ń jó lórí iyanrìn lónìí, o rí i. Síbẹ̀, Bujíbà, Bujíbà!"

Ó dìde, a ń gòkè lọ. Ó yẹ kọ́rọ̀ ọ̀hún tán níbẹ̀. Kò tán nínú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún jókòó sórí ògiri yẹn, ó tún na ọwọ́. Mo ṣí agolo. Mo mú míńtì kan, mo jù ú sẹ́nu ara mi. Mo lá a.

"Horace."

"Sọ pé Mẹlíhà dára ju Bujíbà lọ."

"Má ṣeré, jọ̀ọ́."

"Mi ò ṣeré. Sọ ọ́, kí n fún ẹ."

Ó wò mí bí ẹni pé èèyàn tuntun ló jókòó ti òun. Ó ní, "Mẹlíhà dára ju Bujíbà lọ."

Mo fi hóró náà sí i lọ́wọ́. "Ṣé ẹnu ẹ bó?"

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Báyìí ló ṣe di àṣà. Lójoojúmọ́, lórí ògiri kan náà. Ọjọ́ kan, mo ní kó sọ pé èmi ló yẹ kí wọ́n fi ṣe kápítéènì. Ó sọ ọ́. Ọjọ́ mìíràn, mo ní kó sọ ọ́ sókè, etí mi ń dí. Ó sọ ọ́ sókè. Ọkùnrin tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dìde fún, ó ń ka ohun tí mo bá pè fún un bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà mìíràn, ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní kó tún un sọ.

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Edna ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń tẹ iyanrìn kiri bí ọmọdébìnrin. Ó lọ bá Selwyn lórí àga rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé nítorí mi lo ṣe gbà," ó ní. "Ọlọ́run á san án fún ẹ."

"Nítorí ẹ náà ni," Selwyn wí. "Ṣé ó dùn ún tẹ̀?"

"Ó ń rìn mí ní gìgísẹ̀!" Ó tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló ṣe ètè ẹ? Ó ti ń dúdú."

"Atẹ́gùn òkun ni."

"Horace, fún ọ̀rẹ́ ẹ ní míńtì kan."

Mo ṣí agolo. Mo fún un ní míńtì. Míńtì gidi. Selwyn wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó jù ú sẹ́nu, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ yẹn ló bèèrè agolo rẹ̀.

"Gbé e fún mi, Horace. Eré yìí ti tó."

"Kí Beryl wá rí i lápò ẹ?"

"Kó rí i."

"Ìyẹn ò le. Jẹ́ kí n kúkú pè é kó wá gbà á fún ẹ." Mo yíjú sí etí omi. "Beryl! Beryl o!"

"Má pè é!" Ó di apá mi mú. "Má pè é, mo bẹ̀ ẹ́."

Beryl gbójú sókè. Mo juwọ́ sí i. Ó juwọ́ padà. Mo fi ọwọ́ tẹ àpò mi jẹ́jẹ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ fi sọ́kàn.

Ọjọ́ tó bàjẹ́ ni mò ń bọ̀ wá sọ yìí. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ojú òkun, àwọn obìnrin ní òtútù ti ń mú àwọn, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ṣáájú wa. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ti sọ̀ lágbedeméjì òkè láti dúró de búrẹ́dì gbígbóná nílé búrẹ́dì yẹn. Èmi àti Selwyn ń fẹsẹ̀ gòkè bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta ká tó dé ibi ògiri. Nígbà tó jókòó, ńṣe ló wó jókòó.

Láti orí ògiri náà, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ lè rí Bujíbà lókèèrè, ilé funfun-funfun lórí ilẹ̀ tó yọ ahọ́n sínú omi. Selwyn ń wò ó. Ó na ọwọ́ sí mi láì yíjú.

"Sọ ọ́," mo ní.

Selwyn ṣì ń wo òkèèrè.

"Bujíbà."

"Kí lo wí?"

"Bujíbà dára jù." Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ nínú atẹ́gùn tútù yẹn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Irọ́ ti sú mi í pa, Horace."

Ẹ̀rín yẹn ni. Bí kò bá rẹ́rìn-ín ni, bóyá mi ò bá ti fún un.

"Kò burú," mo ní. Mo jókòó tì í. Mo gbé agolo lé orí itan mi, mo pa á dé, mo ká apá gbera bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. "A ò kánjú. Tó o bá ti ṣe tán láti sọ ọ́, o mọ ibi tí mo wà."

Mo rò pé á sọ ọ́. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo mọ̀ pé olórí kunkun ni, ṣùgbọ́n mo ní orí tèmi le jù. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń wo òkè. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí òkúta.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ẹ rò pé mo ṣí agolo? Mi ò ṣí i. Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni.

"Selwyn, sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Sọ ọ́ kí n fún ẹ."

"Bujíbà."

Kò sí ohùn níbẹ̀ mọ́. Ètè rẹ̀ ni mo kà.

"Ta ni mò ń wò yìí? Selwyn!"

Beryl ni. Òun àti Edna ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé búrẹ́dì. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Beryl, ó sáré wá, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà. "Kí ló ṣe é? Horace, kí ló ṣe ọkọ mi?"

Edna ò sáré. Orúnkún ò jẹ́ kó lè sáré. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lórí itan mi.

"Kí lo gbé lé itan?" ó ní.

Mo ṣí agolo. Gbogbo míńtì dà sílẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀ òkè. Mo ya bébà, mo mú hóró kan, mo fi sábẹ́ ahọ́n Selwyn. Ahọ́n náà ò gbà á mọ́.

"Kí lo fi sí i lẹ́nu?" Beryl bi mí.

"Oògùn ọkàn rẹ̀ ni."

"Ọkàn wo? Ọkọ mi ò ní àrùn ọkàn!"

"Ó ní in."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun ni."

"Nígbà wo?"

"Ṣáájú Kérésìmesì."

Beryl ò tíì lóye. Edna ni ó kọ́kọ́ yé. Mo rí i bó ṣe ń yé e. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"O ti mọ̀," ó ní, "nígbà tí mo bèèrè iyanrìn. O ti mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa bèèrè."

Obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì ti jáde síta pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá. Ó ti ní kí ọkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó dúró ti Beryl, àánú wà lójú rẹ̀, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ.

"Màdáámù, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Bàbá yìí á na ọwọ́, bàbá kejì á kọ̀, á máa ní kó sọ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Mo rò pé eré àwọn ará ilẹ̀ yín ni."

Beryl wò mí. Mo ti rí ojú ẹja lóríṣiríṣi ní ìgbésí ayé mi, mi ò rí ojú tó tutù tó yẹn.

Selwyn kú kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn.

Nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, Beryl wá dúró níwájú mi. Kò gbá mi létí. Mo ti ń retí kó gbá mi.

"Ìwọ lo wà pẹ̀lú ẹ̀," ó ní. "Kí ló sọ kẹ́yìn?"

Mo lè sọ pé orúkọ rẹ̀ ló pè. Mo lè ní, "Beryl ni ó sọ." Ta ni ì bá já irọ́ mi? Mo ro ó. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú mi tí kì í tẹ̀, ohun kan náà tó mú kí n ká apá gbera lórí ògiri.

"Bujíbà," mo ní. "Ó ní Bujíbà dára jù."

Beryl tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni tó gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i. Ó padà lọ jókòó.

"O ò tiẹ̀ lè purọ́ kan ṣoṣo fún un?" Edna wí. "Ìwọ tó o ti ń gbé irọ́ kiri lápò láti Kérésìmesì?"

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn lórí ilẹ̀ Malta. Ní Grimsby, kò wọlé. Ó ní kí n ju aṣọ òun sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, òun ò fẹ́ tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Ilé Beryl ló ń gbé dòní. Lọ́dọọdún, tí òtútù bá ti ń gé wọn létí, àwọn méjèèjì a wọ bàálù, ó di Bujíbà. Mo gbọ́ pé Edna kì í bọ́ bàtà níbẹ̀. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ iyanrìn létí rẹ̀, ńṣe ló ń dìde kúrò nídìí tábìlì.

Àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ò lé mi. Wọ́n kàn máa ń gbàgbé láti pè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀mí rẹ̀ fún yín mú dání, ẹ gbé e padà fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i pé ó dùn mọ́ yín. Ọjọ́ kìíní yẹn gan-an. Ọjọ́ kejì ti pẹ́ jù.

Èmi náà ṣì ń lọ. Mẹlíhà ni mò ń lọ, èmi nìkan. Obìnrin onílé búrẹ́dì máa ń gbé búrẹ́dì mi sórí tábìlì láì wo ojú mi. Lẹ́yìn náà, mo máa ń jókòó lórí ògiri, mo máa ń wo ìsàlẹ̀. Iyanrìn náà ṣì tẹ́ lọ rẹrẹ. Bujíbà ṣì wà lókèèrè, funfun-funfun, àwọn obìnrin méjì tó mọ̀ mí sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n Mẹlíhà dára ju Bujíbà lọ. Mo máa ń sọ ọ́ sókè lórí ògiri yẹn. Mo máa ń ṣí agolo, mo máa ń dúró díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́.